Ọkọ̀ Tó Ń Fọn Fèrè fún Òjò

Àgbówó, Ìbàdàn
6 Oṣù Kẹta, 1995

Mánsúrù ọmọ mi,

Kí òtútù ìlú òyìnbó fojú rere wò ọ́. Ìyá rẹ Safiyyah kí ọ, àwọn àbúrò rẹ kí ọ, gbogbo ọjà pákó Bódìjà ń béèrè rẹ. A ti gba ààwẹ̀ já, ara le. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí o. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n n kò bẹ akọ̀wé rí. Àwọn tó ka ìwé mẹ́rìndínlógún ló ń wá ra pákó lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì ń bá wọn ṣírò.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kàn. Mo ti ra ọkọ̀!

Má wulẹ̀ ronú kan lọ́rì pákó, ìyẹn ti iṣẹ́ ni. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo ń sọ. Tòkúnbọ̀ ni, Amẹ́ríkà tí o wà yẹn gan-an ló ti wá, àwọ̀ rẹ̀ bí ojú ọ̀run, ilẹ̀kùn mẹ́rin, àga rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà òwúrọ̀. Ọwọ́ Kabir tó ń ta ọkọ̀ ní Ring Road ni mo ti rà á. Kabir ní ìyá arúgbó òyìnbó kan ló ni ín, pé ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń gbé e jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Kabir, má purọ́ fún mi o." Ó ní, "Àlàájì, bí mo bá purọ́, kí òjò mú mi."

Má rò pé wọ́n kàn dì í lé mi lọ́wọ́. Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń ta pákó, ìka ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń kan ìrókò tí mo fi ń mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Mo kan ọkọ̀ náà láti iwájú dé ìdí, kọ́ọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́, ó ń dá mi lóhùn bí igi apá tó gbó. Mo kàn án títí Kabir fi ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ó sinmi, ó ti gbọ́." Inú rẹ̀ sì ń ta sánsán bí àpótí ìyàwó tuntun.

O mọ ìdí tí mo fi rà á. Lọ́dún 1961 tí mo kúrò ní Kìṣí pẹ̀lú ayùn kan àti ṣòkòtò kan, Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Gbádérọ̀, èmi Àbẹ̀ḿbí kò ní í fojú kan Ìbàdàn yẹn àfi ọjọ́ tí mọ́tò rẹ bá wá gbé mi." Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ kó tún un sọ. Mo kọ́lé, kò wá. Mo lọ Mẹ́kà, mo bọ̀, kò wá. Yàrá tí mo kùn lọ́dà ewé fún un lókè ilé wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sùn sínú rẹ̀ rí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Kí Iléyá yìí tó dé, n ó lọ gbé e. Mo fẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ilé tí mo kọ́ nígbà tí ojú ọ̀hún ṣì ń ríran.

Fọ́tò ọkọ̀ náà wà nínú ìwé yìí. Ẹni tó dúró lẹ́yìn tó fajú ro bí ẹni mu agbo ni Àdìó aládùúgbò wa, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó fẹ̀yìn tì. Wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo wò ó títí.

Fi ìbọ̀wọ́ awọ ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí àwọn awakọ̀ pàtàkì ń wọ̀.

Èmi ni,
Àlàájì Gbádérọ̀ Onípákó, baba rẹ, ọlọ́kọ̀.


Baltimore
25 Oṣù Kẹta, 1995

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú oríire ọkọ̀, ẹ ó fi ṣe rere. Mo fi fọ́tò yín han gbogbo ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ojú Àlàájì Àdìó pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́.

Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo tún fọ́tò náà wò. Gíláàsì iná iwájú ọkọ̀ yín ṣú, ó dà bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀. Mo fi han Bámidélé ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ó ní kí n béèrè nọ́ńbà tó wà lára irin pẹlẹbẹ kékeré nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́dọ̀ awakọ̀. Nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ni. Ilà ojú ọkọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá rí i á mọ ilé tí ọkọ̀ ti wá àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Níbí, bí ọkọ̀ bá fọ́ yángá, tàbí tí omi bá gbé e mì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò á san owó fún ẹni tó ni ín, wọn á gba òkú rẹ̀, ìjọba á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ọkọ̀ náà pé ó ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹlòmíràn á wá lọ rà á ní gbàǹjo. Á sá a sóòrùn, á fín lọ́fínńdà sí i, á tì í sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó. Ọkọ̀ á dé, ìwé tí wọ́n tẹ̀ yẹn kì í dé. N kò sọ pé tiyín rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ṣáà kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe fóònù ilé Àlàájì Àdìó kí ẹ lè wá gbọ́ ohùn mi. Wọ́n ní ẹ ní ẹ ń jẹun lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dákun, ẹ má tíì gbé Ìyá Àgbà sínú ọkọ̀ yẹn kí a tó mọ̀.

Ìbọ̀wọ́ ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ bá mi kí màmá.

Ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Mánsúrù.


Àgbówó, Ìbàdàn
9 Oṣù Kẹrin, 1995

Mánsúrù,

Mo gba ìwé rẹ. Mo kà á, inú bí mi. Mo tún un kà bóyá mo ṣì í kà ni, inú tún bí mi sí i. Ṣé ìwọ tí pákó rán lọ sí yunifásítì ni o wá ń kọ́ onípákó bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò?

Kí n tó gbàgbé, má pè mí sí ilé Àdìó mọ́. Bí mo bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, lọ́la á máa sọ kiri pé òun ló kọ́lé fún mi.

Ọkọ̀ mi kò kú rí. Òkú kì í gbọ́n tó báyìí. Ọkọ̀ mi mọ òjò! Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú bọ̀ láti apá Mọ́níyà, kí ẹ̀kán kan tó kán sílẹ̀, ọkọ̀ mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè fúnra rẹ̀, pààààà! Kò sì ní dákẹ́ àfi tí oòrùn bá yọ. Obìnrin tó bá fẹ́ sá láfún ládùúgbò yìí á kọ́kọ́ wá yọjú wo ọkọ̀ mi. Ìyá Mutmainah tó wà ní ojúlé kejì ti ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Àdìó ti ní ọkọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, ta ló kúnlẹ̀ kí tiẹ̀ rí?

Àrà rẹ̀ kò tíì tán. Bí mo bá tan wáípà, fèrèsé ẹ̀yìn á wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Rédíò rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá ń yà sí òsì. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń ka ìròyìn, n ó máa yà sí òsì yípo Bódìjà títí wọn ó fi parí. Nínú àpótí kékeré iwájú, mo bá ìkarahun funfun kan, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Kabir ní àmì oríire ni, pé òyìnbó kì í fi í sínú ọkọ̀ lásán. Ìyá rẹ tún ní òun rí ẹja tíńtín kan tó gbẹ lábẹ́ àga. Mo ní kó má sọ ọ́ síta.

Ohun kan ló kù. Lọ́fínńdà rẹ̀ ti ń tán. Bí oòrùn bá mú, òórùn kan á máa yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀bá omi Ẹlẹ́yẹlé nígbà tí àwọn apẹja bá ń kó àwọ̀n sílẹ̀. Fi àwọn páálí kékeré tí wọ́n gé bí igi, tó máa ń ta sánsán nínú ọkọ̀ ránṣẹ́. Méjìlá ni kó jẹ́.

Mo kọ nọ́ńbà rẹ sẹ́yìn ìwé yìí, kí o lè mọ̀ pé ẹ̀rù kò bà mí. Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, ni n ó lọ Kìṣí. Àyàndìran dírébà lọ́rì mi ní, "Àlàájì, ẹ ò ṣe jẹ́ kí n fi lọ́rì lọ gbé Ìyá Àgbà, ọ̀nà yẹn jìn." Mo ní, "Àyàndìran, ṣé pákó ni ìyá mi?"

Èmi ni,
Baba rẹ tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ jẹ rí.


Baltimore
22 Oṣù Kẹrin, 1995

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tíì dìde. Mo fi ìwé yìí rán Motúnráyọ̀, ọmọ Òkè-Àdó kan tó ń bọ̀ wálé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, nítorí ọ̀nà ìwé ìjọba lè pẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sùn ní Èkó.

Nọ́ńbà tí ẹ kọ pé pérépéré. A mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá, ọjọ́ mẹ́fà ni ọkọ̀ yín fi wà lábẹ́ omi nígbà tí odò ya wọ ìlú kan ní gúúsù níbí. Omi mù ún dé ọrùn àga. Àwọn adójútòfò ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, kí wọ́n tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí ìyá arúgbó kan bá wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹ́ pé ọkọ̀ Ànábì Núhù ni.

Fèrè yẹn kò mọ òjò. Wáyà inú rẹ̀ ló ti dípẹtà, bí atẹ́gùn tútù bá fẹ́ sí i, wọn á máa kan ara wọn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọkọ̀ tó ń fọn fèrè nígbà tí ẹ kò tẹ fèrè, bí ẹ bá tẹ bíréèkì ńkọ́? Ẹ ro gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ìgbẹ́tì. Ẹ ro Ìyá Àgbà lórí àga.

Ẹ rántí ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin kan kó pákó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kùn ún, ó ń dán gbinrin. Gbogbo ọjà ló fẹ́ rà á. Ẹ gbé ẹyọ kan símú, ẹ ní kó máa kó o lọ. Ẹ wá ní, "Mánsúrù, pákó tó bá mu omi yó, bó gbẹ, kò gbàgbé." Bàbá, irin náà kì í gbàgbé. Ìka nìkan ni ẹ fi ra ọkọ̀ yìí. Kabir ti fi lọ́fínńdà dí imú yín.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ gba ti imú yín. Ẹ pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ dé sínú oòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ wá ṣílẹ̀kùn kí ẹ mí sínú. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé ìdí pátápátá, kí ẹ wo apá ibi tí kì í jáde. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í rántí ibẹ̀.

Mo tún ní ẹjọ́ kan láti rò. Ọkọ̀ pupa tí mo gbára lé nínú fọ́tò tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀, ẹni tó ti kú lẹ́ẹ̀kan lòun náà. Mo mọ̀ kí n tó rà á. Ilẹ̀kùn kan ló tẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú Bámidélé, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ tó fara pa, tí a mọ ibi tó ti fara pa, ẹ̀rù rẹ̀ kò bani tó èyí tí wọ́n ní nǹkan kan kò ṣe rí.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ má lọ.

Mánsúrù.


Àgbówó, Ìbàdàn
29 Oṣù Kẹrin, 1995

Mánsúrù,

Ọjọ́ ogún ti lọ, n kò rí èsì. O rí nọ́ńbà, ẹnu rẹ wọhò. Mo ti dárí jì ọ́.

A ti wẹ ọkọ̀ lánàá. Áfà mẹ́ta ló wá ṣàdúà sí i, gbogbo Àgbówó ló jẹ mọ́ínmọ́ín. Bí áfà àgbà ti ní, "Ọlọ́run má jẹ́ a rí ìjàm̀bá," ni ọkọ̀ fọn fèrè, pààààà! Wọ́n pariwo àdúà, fèrè pariwo jù wọ́n lọ, àwọn èèyàn wá ń kígbe "Àmín" bí ẹni pé iná ń jó ilé. Kò pẹ́ ni òjò dé. Áfà kan sá wọlé, ó ní òun kò rí ọkọ̀ tó ń gbàdúà bẹ́ẹ̀ rí. Àdìó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ agbòjò. Ẹ̀rín ìlara ni.

Ìbọ̀wọ́ dé. Ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́ sùn.

Mo ti ránṣẹ́ sí Kìṣí. Ìyá Àgbà ti di ẹrù. Àwọn tó dé láti ibẹ̀ ní láràárọ̀ ló ń gbé àpótí jókòó síta, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èrò ọ̀nà bóyá wọ́n rí mọ́tò ọmọ òun. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré. Bí n kò bá lọ báyìí, ojú wo ni n ó fi wò ó?

Fi páálí olóòórùn dídùn yẹn ránṣẹ́ kíákíá. Ìyá rẹ ti ń bo imú wọ ọkọ̀.

Èmi ni,
Baba rẹ.


Àgbówó, Ìbàdàn
21 Oṣù Karùn-ún, 1995

Mánsúrù ọmọ mi,

Ó ku ọ̀la kí n lọ Kìṣí ni Motúnráyọ̀ tó bá wa. Ọ̀sán Jímọ̀ ló dé, a ti kó omi àti búrẹ́dì ìrìn àjò sínú ọkọ̀. Mo ka ìwé rẹ. Mo sọ fún ìyá rẹ pé, "Ọmọ yìí, n ó fi hàn án." Mo jáde láti lọ fi hàn ọ́.

Mo pa fèrèsé dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo aago. Wákàtí kan pé, mo ṣílẹ̀kùn, mo mí sínú.

Mánsúrù, mo mí lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo fa bẹ́líìtì. Mo fà á, mo fà á, bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn kànga. Nígbà tí ìdí rẹ̀ jáde, mo rí ilà. Ilà pupa rúsúrúsú kan dá a sí méjì, irú ilà tí mo máa ń rí lára gẹdú tó bá léfòó lórí omi dé Èkó. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń fi ilà yẹn lé àwọn èèyàn padà pẹ̀lú pákó wọn. Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ó ṣe, ojú ọjọ́ ṣú, ọkọ̀ fọn fèrè sí mi létí.

Kí ó yé ọ o, kì í ṣe pé o jàre. Imú mi ló jàre.

Ní Sátidé, mo wọ lọ́rì. Mo ní kí Àyàndìran kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Àdìó má rí wa. Láti Ọ̀yọ́ títí dé Ìgbẹ́tì, ohun tí n ó sọ fún ìyá mi ni mò ń wá. Bí a ti dé, ó wà lórí àpótí níta. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó dìde, ó fọwọ́ kan táyà, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó ní,

"Gbádérọ̀, mọ́tò ta nìyí?"

Mo ní, "Tèmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú, ti pákó ni, èyí tó dára tí mo rà..."

"Mo ní ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó pé ọdún mọ́kànlá."

Ó yọ fìlà lórí mi, ó fi gbá mi létí, níwájú Àyàndìran. "Ọdún mọ́kànlá! Mọ́tò tó tóbi tó ilé báyìí! O wá fi mí sílẹ̀ níbí láti ọdún mọ́kànlá? Ṣé mo sọ fún ọ pé kó jẹ́ kékeré ni?"

Ìwọ tí o kàwé, bí o bá rí èsì ìbéèrè yẹn, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

A gbé e gòkè síwájú. Ó ní òun kò ní í wá sí Ìbàdàn lọ́wọ́ òfo, ó ti sin àgbò kan fún Iléyá. Mo ní kí a so àgbò sẹ́yìn. Ó ní atẹ́gùn á pa á, pé kó wá síwájú. Àga iwájú kò gbà ju mẹ́ta lọ, dírébà ò sì ṣeé yọ. Báyìí ni Àyàndìran, Ìyá Àgbà àti àgbò ṣe jókòó síwájú, tí èmi Àlàájì Gbádérọ̀ jókòó sẹ́yìn lórí pákó, mo wọ ìbọ̀wọ́, láti Kìṣí wọ Ìbàdàn. Bí a ti ń wọ àdúgbò, Àdìó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àgbò níwájú. Ó wò mí lẹ́yìn. Ó ní, "Àlàájì, ẹ káàbọ̀ o." Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ṣì wà létí mi.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà rí ilé. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa orí ọmọ. Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, ó ní, "Ewé ni o kùn ún." Ojú rẹ̀ rí i, Mánsúrù. Mo ní mo fẹ́ lọ wo omi lẹ́yìn ilé, mo dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ní ti Kabir: lẹ́yìn Iléyá, a fi lọ́rì wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ring Road, a gbé e síwájú ibi tó ń pàtẹ ọkọ̀ sí. N kò bá a jà. N kò bú u. Mo kàn jókòó tì í. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ló rọ̀. Gbogbo oníbàárà tó bá dé á béèrè, "Kí ló ń ṣe èyí?" n ó sì sọ fún wọn láti orí ìkarahun dé orí ẹja. Ní ọjọ́ kẹta, Kabir rìn nínú òjò wá bá mi, ó tutù bí ẹyẹlé, ó kó owó mi dání, ó ní, "Àlàájì, ẹ ṣàánú mi." Mo ní, "Kabir, ṣebí òjò lo fi búra."

Inú àwọn obìnrin àdúgbò kò dùn. Láfún Ìyá Mutmainah ti tutù lẹ́ẹ̀mejì.

Fọ́tò ọkọ̀ pupa rẹ ṣì wà ní pálọ̀. Mo sọ fún àwọn àlejò pé ó kú, ó sì jí. Báyìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Má fi páálí olóòórùn ránṣẹ́ mọ́.

Ìyá Àgbà kò fẹ́ padà sí Kìṣí. Láràárọ̀ ni ó ń bá Àyàndìran jókòó síwájú lọ sí Bódìjà, ó ń kí gbogbo ọjà láti òkè. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí, gẹ́gẹ́ bí òun ti sọ ọ́: ọjọ́ tí o bá ń bọ̀ wálé, kí o má wọ mọ́tò ẹlòmíràn ní Èkó. Dúró síbẹ̀. Òun ni yóò wá gbé ọ, nínú mọ́tò ọmọ òun. Èmi àti ẹrù rẹ ni yóò wà lẹ́yìn.

Gbádérọ̀,
baba rẹ.